Ìbátan, Àna àti Òòfà: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Kan

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a mú wá síwájú yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Affinity ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Adájọ́ a máa lò ó nígbà tí ó bá ń sọ nípa àna. Oníṣègùn a máa lò ó nígbà tí ohun kan bá ń fa ohun mìíràn mọ́ra. Ẹni tí ń ṣe ìwádìí èdè a máa lò ó nígbà tí ó bá rí i pé èdè méjì ti inú ilé kan náà jáde wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin pẹ̀lú a máa lò ó nígbà tí ó bá fẹ́ sọ pé ọkàn òun fà sí ọ̀dọ́mọbìnrin kan, tí òun kò sì lè sọ ìdí rẹ̀. Síbẹ̀, nínú Ìwé Àdúrà ti Ìjọ wa, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni a kọ sí orí àtẹ àwọn ènìyàn tí kò gbọdọ̀ fẹ́ ara wọn. Báwo ni ọ̀rọ̀ kan ṣe lè túmọ̀ sí ohun tí ń fa ni súnmọ́ra, kí ó sì tún túmọ̀ sí ohun tí ń dí ni lọ́nà? Ìbéèrè yìí ni a ó wá ìdáhùn sí; bí a bá sì rí ìdáhùn rẹ̀, a ó rí i pé ọ̀ràn àwọn opó tí ó wà ní àárín wa wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Inú èdè Látìnì ni a ti bí ọ̀rọ̀ náà. Finis ni àwọn ará Róòmù ń pe ààlà. Affinis sì ni ẹni tí ààlà ilẹ̀ rẹ̀ kan ààlà tiwa. Láti orí ilẹ̀ ni a ti gbé ọ̀rọ̀ náà wọ inú ilé. Bí ọmọkùnrin agbo ilé kan bá gbé ọmọbìnrin agbo ilé kejì ní ìyàwó, agbo ilé méjèèjì ti di aládùúgbò, ààlà wọn ti kan ara wọn. Ìbátan tí ó ti inú ẹ̀jẹ̀ wá ni àwọn amòfin Róòmù ń pè ní cognatio. Èyí tí ó ti inú ìgbéyàwó wá ni wọ́n ń pè ní affinitas. Ẹ kíyèsí i pé iṣẹ́ méjì ni ààlà ń ṣe. Ó ń jẹ́ kí oko méjì pàdé, ó sì ń fi ibi tí olúkúlùkù gbọ́dọ̀ dúró hàn án. Ẹni tí ó bá ní aládùúgbò lóko mọ̀ pé ibi tí ó ti ń rí olùrànlọ́wọ́ nígbà ìkórè ni ibi tí kò gbọdọ̀ ti fi ọkọ́ kọjá. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ìsúnmọ́ra àti ìdènà jùmọ̀ ń gbé ni.

Àwọn baba wa pẹ̀lú mọ ìyàtọ̀ yìí kí ìwé tó dé ilẹ̀ wa. Àwọn ọmọ ìyá kan ni iyèkan, àwọn ọmọ baba kan ni ọbàkan, gbogbo wọn lápapọ̀ ni ẹbí àti ìbátan. Ṣùgbọ́n àna yàtọ̀. A kì í bí àna. Dídá ni a ń dá a, nítorí náà ni a ṣe ń pe ayẹyẹ náà ní ìdána. Kí ó tó di ọjọ́ náà, alárinà ti lọ, ó ti bọ̀. Ẹbí ti wádìí ìwà, wọ́n ti wádìí àrùn, wọ́n ti wádìí gbèsè. A ti ṣe ìtọrọ. Láti ọjọ́ ìdána lọ, ọkọ ń dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna rẹ̀, ìyàwó kò sì ní í pe ọmọ tí ó bá nínú ilé ọkọ rẹ̀ ní orúkọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ tí ó lè gbé pọ̀n. Ó lè pè é ní Akọ̀wé, tàbí kí ó fún un ní orúkọ ẹ̀yẹ mìíràn. Ohun tí ń fa ènìyàn méjì mọ́ra kò ṣàjèjì sí wọn, nítorí àwọn ni wọ́n wí pé ìwà jọ ìwà ní í jẹ́ ọ̀rẹ́ jọ ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí òòfà ọkàn nìkan dá àna. Òòfà lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀ràn náà. Ẹ̀jẹ́ àti ojúṣe ni wọ́n fi ń parí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá sí inú Ìwé Mímọ́. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì tí a tẹ̀ ní ọdún 1611, ibi mẹ́ta péré ni ọ̀rọ̀ yìí ti farahàn, ọ̀ràn àna dídá ni ó sì jẹ́ ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí kẹta, Sólómónì bá Fáráò ọba Íjíbítì dá àna. Nínú Ìwé Kíróníkà Kejì, orí kejìdínlógún, Jèhóṣáfátì ọba Júdà bá Áhábù dá àna. Nínú Ìwé Ẹ́sírà, orí kẹsàn-án, Ẹ́sírà ń sọkún nítorí pé àwọn tí ó ti ìgbèkùn dé tún ti bá àwọn orílẹ̀-èdè abọ̀rìṣà dá àna. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tí ó kọ ni lẹ́kọ̀ọ́ jù ni ti Jèhóṣáfátì. Ènìyàn rere ni ọba náà í ṣe, ọrọ̀ rẹ̀ sì pọ̀. Nítorí àna yìí ni ó ṣe bá Áhábù lọ sí ogun Ramoti-Gílíádì, díẹ̀ ni ó sì kù kí àwọn ará Síríà pa á ní ipò Áhábù. Ṣùgbọ́n ibi tí ó tóbi jù wà lẹ́yìn. Atalíà ọmọ Áhábù, tí Jèhórámù ọmọ Jèhóṣáfátì gbé ní ìyàwó, ni ó dìde ní ìkẹyìn tí ó sì pa irú-ọmọ ọba Júdà run, àfi Jóáṣì ọmọ ọwọ́ tí a gbé pamọ́ sínú ilé Olúwa fún ọdún mẹ́fà. Ìgbéyàwó tí a rò pé yóò so ìjọba méjì pọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa fìtílà ilé Dáfídì. Ohun tí a bá so mọ́ra, a gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó jẹ́.

Nígbà tí Ìjọ Kristi gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Róòmù, ó gba ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ àwọn amòfin, ó sì fẹ̀ ẹ́. Ní ọdún 530 Justinian ọba pàṣẹ pé ẹni tí ó bá ṣe bàbá ìsàmì fún ọmọbìnrin kò gbọdọ̀ fẹ́ ẹ, nítorí pé omi Ìrìbọmi pẹ̀lú ń dá ìbátan sílẹ̀. Bí ọgọ́rùn-ún ọdún ti ń tẹ̀ lé ara wọn, a ka ìdènà náà títí dé ìran keje. Ìyẹn wúwo ju ohun tí ènìyàn lè rù lọ. Ní ìletò kékeré, ta ni yóò kù tí a lè fẹ́? Àwọn ènìyàn ńlá sì ń rí nínú rẹ̀ ọ̀nà láti kọ aya tí ó ti sú wọn. Nítorí náà, ní ọdún 1215, Ìgbìmọ̀ Ìjọ kẹrin tí ó pàdé ní Lateran ní Róòmù dín ìran méje náà kù sí mẹ́rin.

Síbẹ̀ wàhálà kò tán. Ní oṣù November ọdún 1501, Arthur, àrẹ̀mọ ọba Gẹ̀ẹ́sì, gbé Catherine ọmọ ọba Spain ní ìyàwó. Ní oṣù April ọdún 1502 Arthur kú, ọmọ ọdún 15 ni. A fi Catherine fún Henry àbúrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó jẹ́ aya arákùnrin rẹ̀, ó di dandan kí Póòpù Julius Kejì kọ́kọ́ fún wọn ní ìyọ̀ǹda. Ní oṣù June ọdún 1509 wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Nínú gbogbo ọmọ tí wọ́n bí, Mary tí a bí ní ọdún 1516 nìkan ni ó dàgbà. Nígbà náà ni Henry Kẹjọ bẹ̀rẹ̀ sí í ka orí ogún Ìwé Léfítíkù, níbi tí a ti wí pé ẹni tí ó bá gba aya arákùnrin rẹ̀ yóò wà ní àìlọ́mọ. Àwọn mìíràn sì ṣí Ìwé Diutarónómì orí kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n síwájú rẹ̀, níbi tí a ti pàṣẹ pé bí ọkùnrin kan bá kú láìní ọmọ, kí arákùnrin rẹ̀ ṣú opó rẹ̀, kí orúkọ òkú má bàa parẹ́. Ibi méjèèjì ni ó wà nínú òfin Mósè. Póòpù Clement Keje kò tú ìgbéyàwó náà ká. Ní ọjọ́ 23 oṣù May ọdún 1533, Cranmer, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury, tú u ká. Ní ọdún 1534 ìgbìmọ̀ aṣòfin sì fi ọba ṣe olórí Ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A kò wí pé ọ̀ràn yìí nìkan ni ó bí Àtúnṣe Ìsìn ní ilẹ̀ náà, nítorí ebi Ìwé Mímọ́ ti ń pa àwọn ènìyàn kí Henry tó jọba. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè kọ ìtàn náà tí yóò fo ọ̀rọ̀ àna kọjá.

Kí irú ìdàrúdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ má bàa tún ṣẹlẹ̀, Matthew Parker, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury, gbé àtẹ kan jáde ní ọdún 1563. Ọgbọ̀n ènìyàn ni ó kọ tí ọkùnrin kò gbọdọ̀ fẹ́, ọgbọ̀n ni ó sì kọ fún obìnrin. Òfin Ìjọ ti ọdún 1603 pàṣẹ pé kí a gbé àtẹ náà kọ́ sí ara ògiri gbogbo ilé Ọlọ́run. Lẹ́yìn èyí a máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìparí Ìwé Àdúrà. Apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀, apá kan jẹ́ ti àna, aya arákùnrin ẹni sì wà nínú apá kejì yìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, òfin ìjọba yí padà nígbà tí ó yá: ní ọdún 1907 a yọ̀ǹda kí ọkùnrin fẹ́ arábìnrin aya rẹ̀ tí ó ti kú, ní ọdún 1921 a sì yọ̀ǹda kí ó fẹ́ opó arákùnrin rẹ̀.

Nígbà tí àwọn àlùfáà ń ṣe àríyànjiyàn wọ̀nyí, àwọn ọlọ́gbọ́n tí ń wádìí èròjà ayé ti yá ọ̀rọ̀ náà lò. Ní ọdún 1718 Geoffroy, ará Faransé, gbé àtẹ mìíràn síwájú àwọn ọ̀mọ̀wé ní Paris. Kì í ṣe àtẹ àwọn tí kò gbọdọ̀ fẹ́ ara wọn ni èyí, bí kò ṣe àtẹ àwọn èròjà tí ó ń wá ara wọn, àti èyí tí yóò fi ẹnìkejì rẹ̀ sílẹ̀ bí èyí tí ó fẹ́ jù bá dé. Ní ọdún 1775 Bergman, ará Sweden, mú iṣẹ́ náà gbòòrò sí i. Ní ọdún 1809 Goethe, akéwì ilẹ̀ Jámánì, gba ẹ̀kọ́ àwọn èròjà yìí, ó sì fi kọ ìtàn tọkọtaya kan tí àlejò méjì dé bá, tí ọkàn ọkọ fà sí ọ̀kan, tí ọkàn aya fà sí èkejì, tí ilé náà sì parí sí ìbànújẹ́ àti ikú. Báyìí ni ọ̀rọ̀ tí ó ti jẹ́ ti ẹ̀jẹ́ àti ojúṣe ṣe di ti òòfà tí kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àpẹẹrẹ òòfà yìí wà ní ara olúkúlùkù wa. Ohun pupa tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé atẹ́gùn ìyè, tí a ń pè ní ọ́síjìn, káàkiri ara. Ṣùgbọ́n èéfín èédú àti èéfín ẹ̀rọ amúnáwá ní atẹ́gùn mìíràn nínú, kábọ́ọ̀nù mónósáìdì, tí kò ní òórùn tí kò sì ní àwọ̀. Ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ a máa fà mọ́ atẹ́gùn búburú yìí ju bí ó ti ń fà mọ́ ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tí ó ju 200. Nítorí èyí ni ẹni tí ó bá sùn nínú yàrá tí a sé pẹ̀lú ààrò èédú tàbí ẹ̀rọ amúnáwá fi lè má jí mọ́. A sọ èyí kí ẹ lè kìlọ̀ fún àwọn ará ilé yín. A sì sọ ọ́ kí á lè mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ó fà mọ́ ni gidigidi ni ó ń fún ni ní ìyè.

Àwọn ọ̀mọ̀wé èdè pẹ̀lú yá ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù February ọdún 1786, ní Calcutta, William Jones wí fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé Sáńskírítì, Gíríìkì àti Látìnì jọ ara wọn ju bí ó ti lè jẹ́ èèṣì lọ, àfi bí wọ́n bá ti orísun kan wá. Affinity ni ọ̀rọ̀ tí ó lò. Ní ọdún 1854 Koelle, míṣọ́nnárì CMS ní Sàró, tẹ ìwé ńlá kan nípa àwọn èdè Áfíríkà, tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn tí a gbà kúrò lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Nínú rẹ̀ ni ó ti kó ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀, Òǹdó àti Yàgbà jọ sí abẹ́ orúkọ kan, Akú, nítorí pé ìkíni wa ni wọ́n fi ń pè wá níbẹ̀. Ó sì fi Ígálà tì wọ́n gẹ́gẹ́ bí ìbátan. Ogun ti tú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ká, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti bá ara wọn jà nílé. Ní ilẹ̀ àjèjì ni wọ́n ti mọ̀ pé ọmọ ilé kan ni àwọn í ṣe.

Àjàyí Crowther jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní ọdún 1821 ni a kó o lẹ́rú ní Òṣogùn. Ní ọdún 1843 ni a fi jẹ àlùfáà. Ní ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, ó tún fi ojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25. Ní ọdún 1848 a ṣe Ìrìbọmi fún ìyá náà. Okùn ẹ̀jẹ̀ tí ogun kò lè já ni Olúwa tún fi omi Ìrìbọmi so ní ìlọ́po méjì.

Nísinsìnyí a padà dé ilé. Nígbà tí Ìjọ dé ilẹ̀ wa, àtẹ Parker wà nínú Ìwé Àdúrà tí ó mú lọ́wọ́, ó sì bá àṣà opó ṣíṣú níbẹ̀. Bí ọkùnrin bá kú, arákùnrin rẹ̀ tàbí ìbátan rẹ̀ mìíràn a ṣú opó rẹ̀, kí obìnrin náà àti àwọn ọmọ rẹ̀ má bàa tú kúrò nínú agbo ilé. Ní ibòmíràn a fún opó láàyè láti yàn; ní ibòmíràn a fi ipá ṣe é. Ìjọ kọ̀ ọ́ fún ìdí méjì: àtẹ náà ka aya arákùnrin léèwọ̀, ẹni tí ń ṣú opó sì sábà ti ní aya tirẹ̀. Ní ọdún 1884 Òfin Ìgbéyàwó jáde ní Èkó, ìgbéyàwó olórùka sì fìdí múlẹ̀. Ìjọ ní ìdí pàtàkì láti kọ̀. Obìnrin kì í ṣe ẹrù tí a ń jogún, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a fi ipá mú ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wọ ilé ọkọ mìíràn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó tẹ̀ lé e. Nínú àṣà àtijọ́, aya kì í jogún ohun ìní ọkọ rẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ nípa àṣà Yorùbá ní ọdún 1957. Ṣíṣú tí a ń ṣú u ni ó rọ́pò ogún. Nígbà tí a mú ṣíṣú kúrò, nínú ọ̀pọ̀ ẹbí a kò fi ohunkóhun dí àlàfo rẹ̀. Ẹbí ọkọ di ọ̀rọ̀ Ìjọ mú ní ìdajì: wọn kò ṣú opó mọ́, nítorí wọ́n di onígbàgbọ́, ṣùgbọ́n wọ́n kó ilẹ̀, wọ́n kó ọkọ̀, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ilé, wọ́n ní ẹni tí ó so wá pọ̀ mọ́ ọn ti kú.

Níhìn-ín ni ìtàn ọ̀rọ̀ yìí ti wúlò fún wa. Nítorí kí ni àtẹ Parker fi ka opó arákùnrin léèwọ̀? Nítorí pé Ìjọ láti ìgbà àtijọ́ kọ́ni pé ikú kì í tú àna. Ìgbéyàwó parí ní ẹnu isà òkú, ṣùgbọ́n ìbátan tí ó dá sílẹ̀ kò parí. Arábìnrin ni ó ti jẹ́, arábìnrin ni ó sì wà. Ǹjẹ́ bí ìsopọ̀ náà bá wà láàyè nígbà tí a ń ka ìdènà, báwo ni yóò ṣe kú nígbà tí a ń pín ilé? Ẹni tí ó bá wí pé, “Èmi kò lè fẹ́ ẹ, nítorí arábìnrin mi ni,” kò lè yí padà kí ó wí pé, “Èmi kò lè bọ́ ọ, nítorí àjèjì ni.” Ààlà tí ó sọ ibi tí a kò gbọdọ̀ dé ni ó sọ pé aládùúgbò ni wá.

Òfin ilẹ̀ wa pàápàá ti yí padà. Òfin ìgbéyàwó ti ọdún 1970 ní àtẹ tirẹ̀, ó kúrú ju ti Parker lọ, aya arákùnrin kò sì sí nínú rẹ̀. Ní ọdún 2014 Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ bẹnu àtẹ́ lu àṣà tí ń lé opó kúrò nínú ilé ọkọ rẹ̀, nínú ẹjọ́ kan tí ó ti ilẹ̀ Ìgbò wá. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 sì ka ìyà tí a fi ń jẹ opó sí ẹ̀ṣẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ìtìjú ni fún onígbàgbọ́ bí ó bá jẹ́ ọlọ́pàá ni yóò kọ́ ọ ní ohun tí Àpọ́sítélì Jákọ́bù ti wí nípa ìsìn mímọ́ àti bíbẹ àwọn opó wò.

Ìwé Mímọ́ fi ẹni tí ó mọ àna hàn wá ní kíkún. Rúùtù ará Móábù kò ní ẹ̀jẹ̀ kan pọ̀ mọ́ Náómì. Ọmọ Náómì tí ó so wọ́n pọ̀ ti kú. Kò sì sí òfin tí ó mú un. Síbẹ̀ kò fi í sílẹ̀. Bóásì pẹ̀lú, nígbà tí ìbátan tí ó súnmọ́ wọn jù ti kọ̀ nítorí ogún tirẹ̀, kò kọ̀. Láti inú ilé náà ni Dáfídì ti jáde, láti ilé Dáfídì sì ni Olúwa wa ti wá nípa ti ara.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí ẹ bá ń wádìí kí ọmọ yín tó gbéyàwó, ẹ má ṣe wádìí bí ọkàn wọn ti fà sí ara wọn nìkan; ẹ wádìí bí ẹbí náà ti ṣe sí àwọn opó tí ó wà nínú ilé wọn. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ kọ ìwé ìhágún yín nígbà tí ara yín le. Ẹ̀yin àgbà ẹbí, ní ọjọ́ tí ẹ bá jókòó lórí ọ̀ràn òkú, ẹ ka opó àti àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ àwọn tí ẹ jókòó nítorí wọn, kí ẹ má ṣe kà wọ́n mọ́ ohun tí ẹ ń pín. Ẹ rántí pé ọjọ́ ìdána ni ẹ gba obìnrin náà lójú gbogbo ènìyàn, tí ẹ sì pè é ní ọmọ. Orúkọ náà kò bá ọkọ rẹ̀ wọ inú ibojì.